Ṣóòkù àti Ṣọ́ọ̀kù: Ẹ Jẹ́ Ká Gbé Iṣẹ́ Àpilẹ̀kọ Wa Dé Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì

Láti ọdún kìíní tí a ti wọ ẹ̀ka yìí ni wọ́n ti ń fi igbá, ìgbà, ìgbá àti igba kọ́ wa. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí kò lè ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú oorun. Bí ìdánwò bá dé, a ó tún fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀, olùkọ́ á fún wa ní máàkì, ó parí. Èmi kò bá igbá jà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè wà níta tó ń bí irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, a sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí láíbìrì.

Ẹ gbọ́ méjì yìí: ṣóòkù àti ṣọ́ọ̀kù. Ṣóòkù ni ohun tí a ń fà láti dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù tí kò fẹ́ jí. Ṣọ́ọ̀kù ni èyí tó wà lára ọ̀kadà àti mọ́tò tí kì í jẹ́ kí kòtò ojú títì fọ́ wa níbàdí. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá méjèèjì, ìró tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ "choke", nítorí náà ó sọ ọ́ di ṣ. Ohùn wọn wá bára mu, kọ́ńsónáǹtì wọn bára mu, ó ku fáwẹ́lì nìkan láti dá ẹjọ́ náà: o àhánudíẹ̀pè níhìn-ín, ọ àyanudíẹ̀pè lọ́hùn-ún. Bí ọ̀gá bá rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra ṣóòkù tí ọmọ náà gbọ́ ṣọ́ọ̀kù, owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ ti gbé. Ǹjẹ́ ẹ ti rí i nínú ìwé kankan tí wọ́n fún wa kà? Èmi kò rí i.

Òkìtìpupa ni mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí, ilé wa kò sì jìnnà sí ọ̀nà tó ti Òkìtìpupa lọ sí Ìgbókòdá. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé kò sí irú ẹ̀rọ tí kì í gba ibẹ̀: ọ̀kadà lóríṣiríṣi, Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná kí wọ́n tó bí ẹlòmíràn nínú wa, àti ẹ́ńjìnnì Yamaha tí àwọn ará Ìlàjẹ ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi. Ìgbókòdá ní àwọn mẹkáníìkì tirẹ̀ tó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì wọn bá ti ń ṣe wọ́n bákan, wọ́n á gbé e sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù, ó di Òkìtìpupa. Wọ́n ní ọ̀gá tí mò ń wí yìí ní etí. Mo fi ọ̀pọ̀ nínú ìsinmi tó kọjá jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ pẹ̀lú fóònù tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀. "Ọmọ yunifásítì" ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń pè mí ní àǹtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn jù mí lọ.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ti kábúrétọ̀ méjì lórí ẹ́ńjìnnì kan. Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè bá wa lọ: epo bẹntiróòlù kì í dá jó nínú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ló ń bá a jó. Tí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, epo kílò kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi kílò 14.7 kó tó jó tán láìṣẹ́kù. Kábúrétọ̀ ló ń po méjèèjì pọ̀. Ọ̀fun rẹ̀ fún láàárín. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀, afẹ́fẹ́ á sáré, ìtẹ̀ rẹ̀ á dín kù, epo á sì gba ihò tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì yọ, á fọ́n ká sínú afẹ́fẹ́ náà. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Bí jẹ́ẹ̀tì ṣe fẹ̀ tó, àti súkúrúù kékeré kan tí ọwọ́ ènìyàn ń yí, àwọn ló ń sọ iye epo tí yóò wọlé.

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ojú omi tó ní sílíńdà méjì ló ní kábúrétọ̀ méjì, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wà lórí ara wọn bí àpótí. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ìbejì ni wọ́n ń pè wọ́n. Táyé ni ti òkè, Kẹ́yìndé ni ti ìsàlẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni, àfi ìgbà tí mo rí i pé orúkọ náà ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀gá bá ní "Fún Kẹ́yìndé ní ìdajì sí i," kò sí ẹni tó ń bèèrè pé èwo ni. Lẹ́yìn náà, gbogbo ohun tí Yorùbá gbà nípa ìbejì ló bá iṣẹ́ náà mu: ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì, bí inú ọ̀kan kò bá sì dùn, ilé kò ní tòrò.

Ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe ni kí ìbejì lajú pọ̀ kí wọ́n sì pajú pọ̀. Ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà lọ́fun kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì so méjèèjì pọ̀ mọ́ ibi tí a ti ń fún un ní iná. Ọ̀gá á tú súkúrúù tó wà lára irin náà, á jẹ́ kí ìlẹ̀kùn méjèèjì pa dé délẹ̀, kó tó dè é padà. Bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n èékánná ṣíwájú èkejì, sílíńdà kan á ti máa ru ẹrù kí ìkejì rẹ̀ tó jí. Lẹ́yìn èyí ni súkúrúù epo. Á rọra yí i wọlé títí yóò fi jókòó (kò gbọdọ̀ fún un mọ́lẹ̀, torí ẹnu súkúrúù náà á bàjẹ́), á wá yí i jáde padà bíi ìyípo kan àtààbọ̀, tàbí iye tí irú ẹ́ńjìnnì náà bá ń fẹ́, fún Táyé, fún Kẹ́yìndé. Wọ́n á gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sínú dúrọ́ọ̀mù omi, nítorí omi ló ń tù ú, kò sì gbọdọ̀ sáré lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n á fà á. Ó jí.

Láti ibẹ̀ lọ, etí ló kù. Ọ̀gá á mú rọ́bà gígùn kan tí wọ́n fi ń fa epo, á fi ẹnu rẹ̀ kan sẹ́nu Táyé, á fi èkejì sétí ara rẹ̀. Á ṣe bẹ́ẹ̀ fún Kẹ́yìndé. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ló ń gbọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó gbé orí sókè, ó wí fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé Táyé ń ṣe fùùù, Kẹ́yìndé ń ṣe fííí. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà mú súkúrúdáífà, ó sì mọ èyí tí yóò yí àti ibi tí yóò yí i sí.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ dúró lórí fùùù àti fííí yẹn díẹ̀. Ó ní ohùn ìsàlẹ̀ ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti pọ̀, ó ní ohùn òkè níbi tí ó ti tín-ín-rín. Bí epo bá pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì, tí ó ń sáré pẹ̀lú ìwúwo tí èéfín dúdú sì ń yọ, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni bùlù-bùlù-bùlù. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, tí ẹ́ńjìnnì ń ta kiri bí ẹni tí kòkòrò bọ́ sí ṣòkòtò rẹ̀, ó di pá, pá-pá, pá. Bí ó bá jókòó dáadáa, rururu ni, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ fún èyí tó wúwo, òkè fún èyí tó fúyẹ́, àárín fún èyí tó tọ́.

Ẹni tó bá ti kàwé nípa irú ọ̀rọ̀ báyìí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ideophone, á ti mọ ibi tí mò ń lọ. A ń sọ pé nǹkan rí bìrìkìtì bó bá tóbi tó sì rí roboto, a ń sọ pé ó rí bíríkítí bó bá kéré. Rògòdò àti rógódó bákan náà. Ohùn ìsàlẹ̀ ní í gbé ohun ńlá àti ohun wíwúwo, ohùn òkè ní í gbé ohun kékeré. Òfin tí wọ́n ti kọ sínú ìwé nípa èso àti òkúta nìyí o, tí ọkùnrin kan tó fi ìwé mẹ́fà sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ti gbé lọ sórí ẹ́ńjìnnì Yamaha láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tún lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kejì tó ń ṣe jẹ́nẹ́rétọ̀ àti ọ̀kadà nínú ìlú. Òun kò sọ bùlù-bùlù, gbùdù-gbùdù ló ń sọ. Kọ́ńsónáǹtì yí padà, ohùn ìsàlẹ̀ dúró síbẹ̀. Ọ̀gá méjì kò tó láti gbé ìmọ̀ lé lórí, ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Mo gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orí-ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní níbo ni àwọn iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe lórí rẹ̀ wà. Ìgbà kejì, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kí ni èyí fi kan ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Wọ́n gbà mí nímọ̀ràn kí n mú ìsọdorúkọ nínú ìwé ìròyìn, nítorí ó ní ìwé púpọ̀ tí mo lè tọ́ka sí. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, inú rere ni, ó fẹ́ kí n tètè parí. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìmọ̀ràn náà kò dára, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo wa, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni wọ́n gbà ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé èdè mẹkáníìkì kì í ṣe Yorùbá, pé Gẹ̀ẹ́sì tó já ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kà á. Lóòótọ́, nínú ohun tí mo gbà sílẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ ló kún fún àyálò: kábúrétọ̀, jẹ́ẹ̀tì, pílọ́ọ̀gì, sílíńdà, súkúrúù. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ́ńjìnnì ń mí. Ó ń mu epo. Ó ń sín. Ó ń wúkọ́. Epo há a lọ́fun. Ó jí, ó sùn, ó kú, ó sọjí. Ó gbọ́ iná tàbí kò gbọ́ iná. Pílọ́ọ̀gì rẹ̀ ti yó, tí ó túmọ̀ sí pé epo ti rin ín. Orúkọ ni a yá, ìṣe kò kúrò nílé. Odindi ara ènìyàn ni wọ́n gbé wọ ẹ̀rọ náà, láti imú dé ọ̀fun dé ikùn, kò sì sí Òyìnbó tó kọ́ wọn. Nọ́ọ̀kì àti túùnù nìkan ni ọ̀rọ̀-ìṣe àyálò tí mo gbọ́ léraléra, nọ́ọ̀kì pàápàá ti ní ìtumọ̀ tuntun. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ariwo kan lásán ni tó ń kìlọ̀ fún ọ. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ́ńjìnnì bá ti nọ́ọ̀kì, ó ti kú nìyẹn, ẹ lọ wá owó.

Síló ń kọ́? Ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀ torí mo fẹ́ràn rẹ̀. Láti ara "slow" ni, ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni lọ́hùn-ún. A gbé i sáàárín s àti l kó má bàa di ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, a sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Síló ni mímí tí ẹ́ńjìnnì ń mí nígbà tí kò ru ẹrù kankan. "Síló rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù." "Ẹ bá mi gbé síló rẹ̀ sókè." "Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní síló," tó túmọ̀ sí pé bí o bá ti yọwọ́ níná, ó kú. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ṣe èdè-ìperí Yorùbá, èyí tí Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní rẹ̀ ní 1984 tí Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, ṣe iṣẹ́ ribiribi fún wa. Láìsí wọn, n kì bá tí ní "àhánudíẹ̀pè" láti kọ sókè yìí. Ṣùgbọ́n fún ẹ́ńjìnnì, ìgbìmọ̀ ti jókòó tipẹ́, lábẹ́ igi, pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ọ́ìlì. A kàn ní láti lọ kọ ohun tí wọ́n ti pinnu sílẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìkálẹ̀. Nínú ìpín tí Adétùgbọ́ ṣe ní 1967, Ìwọ̀-oòrùn Àríwá, Àárín Gbùngbùn àti Ìlà-oòrùn Gúúsù, ìkẹta ni a wà pẹ̀lú Oǹdó àti Ìlàjẹ. Ọ̀gá mi kì í ṣiṣẹ́, uṣẹ́ ló ń ṣe, ọghọ́ ló sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ti ibì kan wá. Ọ̀kan jẹ́ Ìjọ̀ láti Àrògbò, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, ọ̀kan wá láti Ọ̀rẹ̀. Nítorí tiwọn, bó bá ń kọ́ni, ó máa ń sọ̀ ọ̀rọ̀ di Yorùbá àjùmọ̀lò, gh á sì ṣubú kúrò. Bó bá ń bínú, tàbí tó ń bá ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, gh á padà. Ẹ tún gbọ́ ọ: bó bá ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, Ìkálẹ̀ ni. Ta ló ń ka irú èyí sí ohun tí kò kan ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè?

Kì í ṣe ẹwà ọ̀rọ̀ nìkan ni mò ń jà fún. Ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, bíi jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour", inú epo ni ọ́ìlì wọn wà. A ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, ibẹ̀ ni irin inú rẹ̀ ti ń rí ìyọ̀. Tí Kẹ́yìndé bá ń gba afẹ́fẹ́ jù, kì í ṣe epo nìkan ni ó fi ń ṣaláìní, ọ́ìlì náà ni. Irin á gbóná, á wú, á fún mọ́ sílíńdà. Nígbà yẹn, Táyé á máa ru ẹrù méjì, ọkọ̀ á ṣì máa lọ, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì á wá nọ́ọ̀kì láàárín omi, pẹ̀lú èrò, nígbà mìíràn ní àṣálẹ́. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti ń sọ pá-pá-pá tipẹ́. Ọmọ tó ń wa ọkọ̀ náà tí ẹnikẹ́ni kò fún ní ọ̀rọ̀ yẹn rí á gbọ́ ariwo, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀gá ń ṣe nìyí nígbà tó bá dúró lójijì tó bi ọmọ iṣẹ́ pé, "Kí ló ń wí?" tí ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohùn náà padà. Bó bá sọ ọ́ ṣì, wọ́n á tún fa ẹ́ńjìnnì náà.

Owó tún wà ńbẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan fò láti nǹkan bíi náírà 190 kọjá náírà 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, bùlù-bùlù kì í ṣe ariwo lásán mọ́. Èrè ọjọ́ kan ni ó ń bá èéfín jáde.

Bí ẹ bá rò pé àwa nìkan là ń fi etí túùnù, ẹ wo àwọn Òyìnbó tó ni kábúrétọ̀. Mọ́tò sípọ́ọ̀tì kan wà tí wọ́n ń pè ní MGB, tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba láti 1962 títí di 1980. Kábúrétọ̀ SU méjì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ìkékúrú Skinner Union ni SU, orúkọ ìdílé àwọn tó dá a sílẹ̀. Àwọn tó ṣì ń tọ́jú mọ́tò yìí lónìí ń fi rọ́bà sétí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá wa. Wọ́n tún ní ọgbọ́n kan: pínnì kékeré kan wà lábẹ́ kábúrétọ̀ tí a fi ń gbé pístìnnì inú rẹ̀ sókè díẹ̀ báyìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré sí i tí kò sì padà, epo pọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá fẹ́ kú, epo kò tó. Bó bá sáré díẹ̀ tó sì padà síbi tó wà, ó tọ́. Ìwé iṣẹ́ wọn tilẹ̀ ṣàpèjúwe ohùn tí ẹnu èéfín ń dún: èyí tí epo rẹ̀ kò tó ń ta bí omi tó ń tàn ká, láìtẹ̀lé ìlù kankan, èéfín rẹ̀ kò sì láwọ̀, èyí tí epo rẹ̀ pọ̀ jù ń fò lórí ìlù kan náà pẹ̀lú èéfín dúdú. Bùlù-bùlù àti pá-pá ni wọ́n ń wá, wọn kò kàn ní ohùn mẹ́ta tí wọn yóò fi sọ ọ́ ní kúkúrú. Síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ṣe MGB tó kẹ́yìn, ọmọdé tó bá ra ògbólógbòó rẹ̀ lónìí á rí ìwé kà. Ta ni yóò ka ti ọ̀gá wa, níbo sì ni?

Kábúrétọ̀ ń lọ. Ní Íńdíà, níbi tí Bajaj àti TVS tó kún ìgboro wa ti ń wá, òfin èéfín tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 ti lé e kúrò lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tuntun tí wọ́n ń tà fún ara wọn nílé. Àwọn eléré ìje NASCAR ní ìpele tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti di í mú tipẹ́, jọ̀wọ́ rẹ̀ ní 2012. Mọ́tò tòkunbọ̀ tí à ń gùn báyìí, kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo fún un. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò á kì í bọ ìdí dáṣíbọ́ọ̀dù, á sì rí P0171 lójú rẹ̀. Bí epo bá pọ̀ jù, P0172. N kò sọ pé kò dára. Ẹ̀rọ náà kì í fi epo ṣòfò, kì í sì í bá ènìyàn jiyàn. Ṣùgbọ́n P0171 kò ní ohùn òkè, kò ní ohùn ìsàlẹ̀, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tó máa fi ẹnu ṣe é. Ọmọ tó bá wọ iṣẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sí i, ó ṣeé ṣe kó gba fírídọ̀ọ̀mù láìgbọ́ fùùù àti fííí rí.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka wa kò pọ̀. Ẹ má fi àìsí ìwé tí a lè tọ́ka sí dá orí-ọ̀rọ̀ padà. Bí kò bá sí ìwé lórí nǹkan kan, ìdí tó fi yẹ kí ọmọ ọdún kẹrin lọ síbẹ̀ ni. Adétùgbọ́ kò jókòó sínú láíbìrì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta péré bá ń lọ lọ́dọọdún, ọ̀kan sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀kan sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe púpurú, ọ̀kan sọ́dọ̀ àwọn tó ń fún epo pupa, láàárín ọdún márùn-ún a ó ní ohun tí ẹ̀ka mìíràn yóò máa wá tọ́ka sí lọ́dọ̀ wa. Kí ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ máa wà ní ẹ̀ka, kó má máa kú sínú fóònù ẹni tó bá ti gboyè lọ.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tó bá fẹ́ lọ, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Àkókò ọ̀gá, owó ni. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ sì jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ẹ gbà sílẹ̀. Ọ̀gá mi gbọ́ tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní kí n tún un gbé sí i, torí ó gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì náà tí kò gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa láti Èkó, Àbújá àti òkè òkun, fóònù mi kò gba ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa nítòsí ẹ́ńjìnnì, ohùn ìsàlẹ̀ sì ni ìdajì ẹ̀rí mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gidi tí kò lò mọ́, ẹ kọ̀wé sí olótùú.

Ìgbà kẹta ni mo fẹ́ gbé orí-ọ̀rọ̀ náà lọ yìí. N kò yí i padà. Mo kàn fi ṣóòkù àti ṣọ́ọ̀kù sí ìlà àkọ́kọ́ ni, mo sì kọ àmì ohùn sórí gbogbo rẹ̀.